Ohun Tó Wà Nínú Yàrá Àǹtí Sìlífá

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àìgbúròó mi láti ọjọ́ mélòó kan yìí. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà ní Ìwó níbí, mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá, kí ẹ bi wọ́n bóyá ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ bá mi kí Káyọ̀dé àbúrò mi, kí ẹ sì kí gbogbo àwọn ìyá tẹ́ ẹ jọ ń ṣe òrí. Ọyẹ́ ti dé síbí. Ètè mi ti bẹ́, awọ ọwọ́ mi ti ń ṣí, nítorí inú omi ni ọwọ́ mi máa ń wà láti àárọ̀. Mo ra òrí lọ́jà, ṣùgbọ́n mo fura sí i pé wọ́n ti po nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Kò rùn bí òrí Ìgbẹ̀tì.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òrí lẹ ń retí. Káyọ̀dé ti sọ fún mi pé ẹ ti rí fídíò náà. Ó ní ẹnì kan nínú ìjọ ló mú fóònù wá bá yín nídìí ìkòkò, tó ní kí ẹ wò ó bóyá kì í ṣe Títí yín nìyí. Ó ní ẹ wò ó, ẹ dá fóònù padà fún olówó rẹ̀, ẹ kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo pè yín, ẹ kàn bi mí bóyá mo ti jẹun ni. Ẹ ò bi mí ní nǹkan mìíràn. Màmá, mo mọ ohùn yẹn. Ohùn tẹ́ ẹ máa fi ń bá àlejò tẹ́ ẹ ń ṣọ́ lójú sọ̀rọ̀ ni. Ẹ ò tíì fi bá mi sọ̀rọ̀ rí.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí nìyẹn, tí mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé. Bí mo bá ṣàlàyé fún ẹ̀yin nìkan, àwọn tó ń fi fídíò náà ránṣẹ́ síra wọn á ní ìyá ló ń bo ọmọ rẹ̀ láṣìírí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á pẹ̀lú yín.

Ẹ rántí pé iṣẹ́ ìwé ṣíṣe ni mo sọ pé mo wá kọ́. Nígbà yẹn, Bàbá ní ṣé wọn kì í ta ìwé ní Ìgbẹ̀tì ni. Iṣẹ́ náà rèé bó ṣe rí. A máa ń kó ìwé àlòkù jọ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé, a ó ya á wẹ́wẹ́, a ó rẹ ẹ́ sómi. A ó gé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti bẹ́ èso orí rẹ̀, a ó là á, a ó sè é pẹ̀lú omi eérú nínú àgbá ní ẹ̀yìnkùlé títí yóò fi rọ̀. A ó fọ̀ ọ́, a ó gún un lódó, a ó pò ó mọ́ ìwé tó ti rẹ̀ yẹn nínú bàsíà ńlá. A ó wá ki férémù tí wọ́n kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ bọ inú omi náà, a ó gbé e sókè jẹ́jẹ́. Omi á jò lọ. Ohun tó bá kù lórí nẹ́ẹ̀tì, òun ni ìwé. Bó bá gbẹ tán lóòrùn, ó máa ń ní ara bí aṣọ òfì.

A máa ń to ojú ìwé náà pọ̀ di ìwé ìkọ̀wé, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ la wá ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Òdòdó pánṣẹ́kẹ́, ewé wẹ́wẹ́ etí odò, orí koríko, ìyẹ́ ẹtù, gbogbo wọn la ń tò sí i lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ. A ó fi okùn òwú rán an pọ̀. Àwọn tó ń ṣègbéyàwó máa ń rà á kí àlejò kọ àdúrà sí i. Àwọn ọmọ yunifásítì ń rà á láti máa kọ ọ̀rọ̀ inú wọn sí. Ilé ìtajà kan ní Ìbàdàn náà ń gbà á lọ́wọ́ wa.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Sìlífá ni mo ti ń kọ́ ọ. Opó ni wọ́n, ilé tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n kì í rojọ́, wọ́n kì í sì í jókòó sí ìta. Wọ́n fún mi ní yàrá kan láìgba nǹkan lọ́wọ́ mi. Màmá, ẹ̀yin gan-an lẹ bi mí lórí fóònù pé ta ló ń fún èèyàn ní yàrá lọ́fẹ̀ẹ́ láyé tá a wà yìí. Ẹ ní páńsá ò fura ló fi já síná. Ẹ ní kí n máa fọwọ́ ara mi se oúnjẹ mi. Mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Bí wọ́n bá bu oúnjẹ fún mi, mo máa ń sọ pé mo ti yó. Wọn kì í rọ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á kàn gbé àwo náà kúrò, wọ́n á wò mí fìrí.

Àmọ́ yàrá kan wà nínú ilé náà tí wọn kì í jẹ́ kí n wọ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ òdòdó, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pa ìwé láró. Ìwé funfun tí mo bá gbẹ á wọlé lọ, á sì jáde ní pupa rẹ́súrẹ́sú, pupa tó lẹ́wà tí kò sì jọ ti ọ̀dà inú agolo. Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n ní iṣẹ́ tèmi ni férémù, kí n di férémù mi mú. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà kì í kúrò ní ìdí wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn bóyá mò ń wò wọ́n. Mò ń wò wọ́n lóòótọ́. Mo máa ń wo èékánná wọn tó pọ́n ròdòròdò, mo máa ń wo àpò ìyẹ́ tí wọ́n ń gbé bọ̀ láti oko Olúpọ̀nnà, èrò tó ń wá sí mi lọ́kàn kò ṣeé sọ.

Bí mo ṣe ń wò wọ́n ni àdúgbò ń wo àwa méjèèjì. Òórùn ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ń sè kò dára, ẹnu kò lè pọ́n ọn. Bí a bá ti dáná sábẹ́ àgbá, àwọn èèyàn á ti fèrèsé wọn. Ìyá Rọ̀kíbá tó ń ta òkìrìkà lọ́jà, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, máa ń fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ sá bó bá rí mi tí mo ń já òdòdó létí ọ̀nà. Mo máa ń kí i pé ẹ kú ọjà o, á dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á wà lára apẹ̀rẹ̀ mi. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń rí, Màmá, kí èèyàn wà láàárín èrò kó má sì sí ẹni tó máa pè é lórúkọ. Ọmọ Ìgbẹ̀tì tó ń se ewé ni wọ́n ń pè mí.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni. Wọ́n ti kírun àsárì tán, àwọn ọmọ ti ń darí bọ̀ láti ilé-kéwú, Rọ̀kíbá kò bá wọn dé. Mo rí ìyá rẹ̀ tó ń sáré láìwọ bàtà, ìborùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Mo ju férémù sílẹ̀, mo bá wọn wá ọmọ. Mo yọjú sínú kànga. Mo dé ẹ̀yìn mọ́sálásí. Mo dé ọ̀dọ̀ Múnírù tó ń lẹ táyà ní oríta, ó ní òun kò rí i. Ìgbà tí mo fi ń padà bọ̀, èrò ti pé, àwọn ọlọ́kadà ti dá ọ̀kadà wọn dúró, mo sì gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé, “Ṣé ẹ ti wo ilé àwọn tó ń se ewé?”

Títí di òní n kò mọ ẹni tó sọ ọ́. Mo ti to gbogbo ohùn tí mo mọ̀ ládùúgbò lọ́kàn mi. Mo fura sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Bí wọ́n ṣe rọ́ wọ ẹ̀yìnkùlé wa nìyẹn. Wọ́n ti àgbá ṣubú, ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti jinná sì tú sílẹ̀, ó gùn, ó ń yọ̀, ó ń rú èéfín. Ẹnì kan ké pé ìfun ni. Màmá, ojú mi ni mo fi rí i bí àwọn èèyàn tó mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti kékeré ṣe wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n rí ìfun èèyàn. Bàbá alága àdúgbò nawọ́ méjèèjì, ó ń bẹ wọ́n pé kí wọ́n rọra, kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ bi wá léèrè. Wọ́n ní kí Àǹtí Sìlífá ṣí yàrá títì náà.

Àǹtí Sìlífá kọ̀. Wọ́n di kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní kò sí ẹni tó máa wọ ibẹ̀, kí alága lọ pe ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ náà ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ọkùnrin kan yí sí mi, ó ní, “Ìwọ ọmọ Ìgbẹ̀tì, ìwọ tẹ́ ẹ jọ ń gbé, kí ló wà nínú ibẹ̀?”

N kò ní purọ́ fún yín. Èmi náà kò mọ̀. Lákòókò yẹn, ẹ̀rù èrò náà ń bà mí, ẹ̀rù Àǹtí Sìlífá náà sì ń bà mí. Mo wo ojú Àǹtí Sìlífá, wọ́n gbójú kúrò. Mo ní lọ́kàn mi pé, à á ti gbọ́, ọ̀rọ̀ ìyá mi ti ṣẹ.

Mo dáhùn pé n kò mọ̀. Ariwo sọ. Mo ní, “Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá wà níbẹ̀, ó lè ṣì wà láàyè. Bí gbogbo yín bá rọ́ wọlé, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ jẹ́ kí èmi àti ìyá rẹ̀ wọlé, kí alága dúró lẹ́nu ọ̀nà.” N kò mọ ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Rọ̀kíbá ló kọ́kọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo na ọwọ́ sí Àǹtí Sìlífá. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n sọ ọ́ sí mi létí pé, “Títí, má jẹ́ kí wọ́n tẹ àwọn pátákó yẹn mọ́lẹ̀.”

Mo ṣílẹ̀kùn. Òórùn koríko gbígbẹ ló pàdé wa. Pátákó ló kún ilẹ̀, òkúta wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìyá Rọ̀kíbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkúta kúrò, ó ń ṣí pátákó kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ lè wà lábẹ́ rẹ̀. Òdòdó ló ń rí. Ó ń ṣí i, ó ń rí òdòdó, ó sì ń sunkún. N kò lè sọ fún un pé kó dúró. Ó wá dé igun yàrá, níbi tí bàsíà kan wà tí wọ́n fi aṣọ bò. Ó ká aṣọ náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ́n, ó dúdú díẹ̀, ó sì ń hó fòòfòò létí.

Ó lọgun. Èrò já wọlé. Wọ́n fa gèlè mi, wọ́n fa ẹ̀wù mi, ẹnì kan gbá mi létí, mo ṣubú lu ògiri. Ibẹ̀ ni fídíò tẹ́ ẹ rí ti bẹ̀rẹ̀, Màmá. Èmi tẹ́ ẹ rí tí mo káwọ́ borí, tí wọ́n ń sọ pé ojú ń tì mí, ìgbátí ni mo ń fọwọ́ gbà.

Àǹtí Sìlífá la àárín wọn kọjá. Wọn kò ké, wọn kò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n mú kọ́ọ̀bù, wọ́n bu omi pupa náà, wọ́n sì gbé e mu lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n rò pé ìyẹn ló máa yanjú ọ̀rọ̀. Ó dá kún un ni. Àwọn èèyàn sún sẹ́yìn, wọ́n ń ké pé ó ń mu ún, ó ń mu ẹ̀jẹ̀. Ọkùnrin kan gbé igi sókè. Ibẹ̀ ni fídíò náà parí sí.

Ẹni tó yà á tó sì dá a dúró níbẹ̀, àbí ẹni tó gé e, òun nìkan ló mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e.

Ìyá arúgbó kan tó ń ta ewé ọmọ lọ́jà ló fi ìgbọ̀nwọ́ ya èrò wọlé. Ó di igi tí wọ́n gbé sókè yẹn mú, ó bèèrè pé ta ni wọ́n fẹ́ fi lù. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi bàsíà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó lá a. Ó ní, “Ta ló ń pe pòròpórò mi lẹ́jẹ̀? Èmi ni mo ń tà á fún un.” Ó yí sí àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀, ó ń tọ́ka sí wọn, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbàgbé omi pòròpórò ọkà bàbà tí òun sè fún wọn mu nígbà tí wọ́n bímọ, tí ara wọn kò gbé nǹkan. Ọ̀kan nínú wọn gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ Àǹtí Sìlífá, ó tọ́ ọ wò, ó ní òun náà ni.

Síbẹ̀, wọn kò lọ. Wọ́n ní ọmọ ńkọ́. Ìbéèrè gidi ni, n kò bá wọn jà sí i.

Ọlọ́kadà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló dáhùn rẹ̀. Ó ń bi wọ́n pé kí ló dé tí èrò pọ̀ tó báyìí, wọ́n sọ fún un, ó ní ṣé ọmọ tó wọ híjáàbù àwọ̀ ewé ni. Ó ní òun gbé e lọ sí Olúpọ̀nnà pẹ̀lú ìyá bàbá rẹ̀. Ìyá àgbà ló lọ gbà á nílé-kéwú kó lè mú un lọ kí àwọn ará oko, iná sì ti tán nínú fóònù rẹ̀. Alága wá nọ́ńbà ará ilé wọn kan ní Olúpọ̀nnà, ó pè é. Ó gbé fóònù sí Ìyá Rọ̀kíbá létí. A gbọ́ ohùn ọmọ náà tó ń béèrè bóyá òun lè sùn síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ lórí òdòdó tó fọ́nká, ó bojú.

Kò sí ẹni tó ní ẹ má bínú. Wọ́n kàn ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan ni, wọ́n ń gbọn eruku aṣọ wọn bí ẹni tó ti ibi òkú bọ̀. Alága nìkan ló dúró, ó bá wa gbé àgbá dìde.

Nígbà tí ilé dá, èmi àti Àǹtí Sìlífá gbálẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró ti bàjẹ́ tó ìdajì. Mo bi wọ́n, mo sì fi ìbínú bi wọ́n, pé ṣé nítorí òdòdó ni wọ́n ṣe fẹ́ kí èrò pa wá. Wọ́n jókòó sórí òkúta kan. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ṣáájú mi, yàrá tí mò ń sùn yìí ló ń sùn. Ó wo bí wọ́n ṣe ń mú kí òdòdó má ṣá, ó wo bí wọ́n ṣe ń se pòròpórò, ó sì lọ bá gbogbo oníbàárà wọn lẹ́yìn wọn, ó ní òun ló ni iṣẹ́ náà. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí mo ti dé ni wọ́n ti ń ṣọ́ mi, pé ẹni tí kì í jẹ oúnjẹ èèyàn, kí ló wá ṣe?

Mo sọ ìdí tí n kì í fi í jẹun fún wọn. Ẹ má bínú sí mi, Màmá, mo dárúkọ yín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, n kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín yẹn di ẹkún. Wọ́n wọ ilé ìdáná lọ, wọ́n rokà wá. Mo jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ náà, a jọ ń wọ yàrá yẹn.

Káyọ̀dé ní ẹ fẹ́ kí n padà wálé, pé Bàbá ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò ní wá báyìí. Bí mo bá kúrò ní Ìwó lọ́sẹ̀ yìí, àwọn tó gé fídíò náà á ní ẹ ò rí i, ó ti sá. N kò tíì bá àdúgbò yìí rẹ́ o. Múnírù onítáyà ń fi ọ̀yàyà kí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n ti ya fídíò náà sì ga, ó jọ ibi fèrèsé, mo sì rí Múnírù lọ́jọ́ náà tó jókòó sórí fèrèsé yàrá náà. Bó bá kí mi, mo máa ń dáhùn. Mò ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní àná tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ìyá Rọ̀kíbá wá. Kò gbé nǹkan lọ́wọ́, kò mú ẹlòmíràn dání. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ní òkìrìkà kò tà mọ́, pé òun fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ ìwé. Mo ṣì ń rántí bó ṣe lọgun. Àǹtí Sìlífá kò dá iṣẹ́ ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n ń gbé férémù sókè lọ́wọ́, omi ń jò. Wọ́n bi í pé, “Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé iṣẹ́ lo fẹ́ wá kọ́ ni, àbí o fẹ́ máa ṣọ́ wa?”

Ó gbójú sókè, ó wò wá lójú, ó ní, “Méjèèjì ni, mà.”

Àǹtí Sìlífá wò mí, èmi náà wò wọ́n. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ó wà níbí báyìí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó ń ya ìwé àlòkù wẹ́wẹ́, ó sì ń yọjú wo inú àgbá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó lé e.

Màmá mi, ẹ̀yin náà ẹ wá. Ẹ má wá mú mi lọ. Ẹ wá jókòó, kí ẹ máa wo ohun tí mò ń ṣe títí ọkàn yín yóò fi balẹ̀. N kò ní ka ìyẹn sí ẹ̀sùn.

Kí Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ Bàbá lókun. Kó má jẹ́ kí ẹ rí ìtìjú lórí mi láéláé. Ẹnu tó ń gbé ọ̀rọ̀ mi kiri ní ààbọ̀, kí Ọlọ́run fún un ní sùúrù kó lè gbọ́ ìyókù. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí gbogbo ìjọ, ẹ kí ẹni tó mú fóònù wá bá yín, mi ò bínú sí i púpọ̀. Àǹtí Sìlífá ní kí n kí yín, pé àwọn ń retí yín.

Èmi ni ọmọ yín tẹ́ ẹ bí, tẹ́ ẹ mọ̀,

Títílọlá
Ìwó.